Iná Tó Ń Tàn Lọ́sàn-án: Ẹ Béèrè, A Dáhùn

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ iná iwájú ọkọ̀ ló gba iwájú nínú lẹ́tà yín. Ọkọ̀ ń tanná fúnra rẹ̀ lójú ọ̀sán, ẹlòmíràn ò mọ bí yóò ṣe pa á, ẹlòmíràn sì ti pa á tán kó tó rí i pé òun ti pa nǹkan mìíràn mọ́ ọn. A ti kó àwọn tó jọra pọ̀. Ẹni tí a ò bá dárúkọ ọkọ̀ rẹ̀, kó má ṣe fo ibi tí a ti sọ̀rọ̀ fíúsì àti ibi tí a ti sọ̀rọ̀ gílóòbù méjì tí wọ́n so pọ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wàhálà yìí ti ń wá.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra Toyota Corolla tòkunbọ̀ kan. Bí mo bá ti sítáàtì rẹ̀ tí mo sì gbéra, iná iwájú á tàn láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan nǹkan kan. Gbogbo ọlọ́kadà tí mo bá pàdé ló ń ṣẹ́wọ́ sí mi pé mo gbàgbé iná. Ríwáyà mi ní súwíìsì iná ló bàjẹ́, pé ká pààrọ̀ rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó súwíìsì o. Ó jọ pé iná ọ̀sán ni, èyí tí ilé iṣẹ́ máa ń kọ DRL sí lára ìdérí fíúsì àti sínú ìwé ọkọ̀. Wọ́n dìídì ṣe é ni, kí ẹni tó ń bọ̀ níwájú lè tètè rí ọkọ̀ yín. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ojúmọ́ wọn máa ń ṣú nígbà òtútù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: Sweden ti sọ ọ́ di dandan kí ọkọ̀ máa tanná lọ́sàn-án láti ọdún 1977. Canada fi òfin sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 1989, ilẹ̀ Yúróòpù sì ṣe tiwọn fún àwọn mọ́tò tuntun láti oṣù Kejì ọdún 2011. Amẹ́ríkà gbà á láàyè ni, wọn ò fipá mú ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí Corolla Amẹ́ríkà kan fi lè ní in, kí èkejì rẹ̀ má ní, nígbà tí gbogbo èyí tí wọ́n ṣe fún Canada ní in.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ dájú nìyí. Ẹ gbé ọkọ̀ sábẹ́ òjìji, ẹ sítáàtì rẹ̀, ẹ jẹ́ kí súwíìsì iná wà ní OFF, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kó tú háńbíréèkì sílẹ̀. Ẹ wo iwájú, kí ẹ tó wá lọ sẹ́yìn. Kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ wá fa háńbíréèkì padà, kó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, kí iná bíréèkì má baà tàn yín jẹ. Bí iwájú bá ń tàn, tí iná pupa ẹ̀yìn àti iná nọ́ńbà ọkọ̀ sì kú, iná ọ̀sán ni, kò sí ohun tó ṣe súwíìsì yín. Bí ẹ̀yìn náà bá ń tàn, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ wò ó bóyá súwíìsì wà ní AUTO. Ojú kékeré kan wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́bàá gíláàsì iwájú, tó rí bí bọ́tìnnì dúdú ródóródó. Òun ló ń sọ fún ọkọ̀ bóyá ilẹ̀ ti ṣú. Aṣọ onírun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń tẹ́ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù máa ń bò ó mọ́lẹ̀, ọkọ̀ á sì gbà pé òru ni lágogo méjì ọ̀sán. Ẹ gé ihò sí aṣọ náà níbẹ̀, tàbí kí ẹ ká a kúrò. Bí kò bá sí ní AUTO, tí kò sì sí ohun tó bo ojú yẹn, tí iwájú àti ẹ̀yìn ṣì ń tàn, ìgbà yẹn la tó lè fura sí súwíìsì.

Pípa á kò le bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ẹ wo orí ọ̀pá súwíìsì iná tó wà lápá òsì ìdarí. Lára ọ̀pọ̀ Toyota Amẹ́ríkà, wọ́n kọ “DRL OFF” síbẹ̀, pẹ̀lú OFF tàbí AUTO, iná páàkì àti iná iwájú. Ẹ yí i síbẹ̀, ó parí. Àwọn tó wá láti Canada kì í sábà ní àyè yẹn.

Ọ̀nà kejì tún wà, ti ìgbà díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda, bí ẹ bá ti fa háńbíréèkì kí ẹ tó sítáàtì, iná ọ̀sán kò ní tàn títí ẹ ó fi tú u sílẹ̀. Bó bá ti tàn tán, fífa háńbíréèkì kò lè pa á mọ́, àfi kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tún un sítáàtì. Ó dáa fún ẹni tó fẹ́ jókòó sínú ọkọ̀ níbi tó páàkì sí. Àmọ́ àwọn kan máa ń fa háńbíréèkì ní eyín kan péré, wọ́n á sì máa wa ọkọ̀ lọ bẹ́ẹ̀ kí iná má baà tàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Bíréèkì ẹ̀yìn lè máa ha, kó sì máa gbóná. Èyí tó burú jù ni pé iná pupa bíréèkì á máa tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ní gbogbo ìgbà. Iná pupa yẹn kan náà ló máa kìlọ̀ fún yín bí ọ́ìlì bíréèkì bá ń jò. Lọ́jọ́ tó bá jò lóòótọ́, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀?

Ìbéèrè: Alẹ́ ni mo sábà máa ń wakọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́jà, wọ́n á ní kí n pa iná iwájú, kí n tan iná inú ọkọ̀. Mo máa ń pa á, ṣùgbọ́n iná kékeré iwájú á ṣì máa tàn, wọ́n á ní alágídí ni mí. Toyota Highlander ni, kò sí “DRL OFF” lára rẹ̀. Mo fẹ́ kó kú pátápátá. (Awakọ̀ kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Ẹ̀tọ́ yín ni láti fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ìbọn ò gba àlàyé. Fíúsì lẹ ó kọ́kọ́ wò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé wáyà.

Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wá àpótí fíúsì dúdú tó wà nítòsí bátìrì. Ẹ yí ìdérí rẹ̀ padà, àwòrán fíúsì àti rílè (súwíìsì kékeré tí iná fúnra rẹ̀ ń ṣí tó sì ń tì) wà nínú rẹ̀. Ẹ wá DRL. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, fíúsì 7.5 ni, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi kọfí. (Ti 10 pupa, ti 15 búlúù, ti 20 yẹ́lò, ti 30 gíríìnì. Bí àwọ̀ kò bá bá nọ́ńbà tó wà lára ìdérí mu, ẹnì kan ti fi fíúsì tí kì í ṣe tirẹ̀ síbẹ̀ rí, ẹ sì gbọ́dọ̀ dá èyí tó tọ́ padà.) Ohun ìfà kékeré kan tó jẹ́ rọ́bà líle sábà máa ń wà nínú àpótí náà. Òun ni kí ẹ fi fà á, ẹ má fi pílíà fún un mọ́ ibẹ̀, torí orí fíúsì máa ń já, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì há sínú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má tíì lọ. Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ kọjú ọkọ̀ sí ògiri nírọ̀lẹ́, ẹ sítáàtì, ẹ tú háńbíréèkì. Iná ọ̀sán ti kú. Ẹ wá tan dímù: ṣé ọ̀tún àti òsì tàn? Ẹ tan fúùlù. Ẹ fa ọ̀pá súwíìsì bí ẹni ń kí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ tan iná páàkì, tiráfíkétọ̀ méjèèjì, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ tẹ fèrè. Bí ìkankan nínú wọn bá kú, ẹ dá fíúsì padà kíá, torí ohun mìíràn ń jẹun lára rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ fi fíúsì náà sínú ọ̀rá kékeré, ẹ kọ “DRL” sí i, ẹ fi sínú píjìnhóòlù. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ yín lè fẹ́ ẹ.

Ọ̀pọ̀ ló ń ṣìṣe níbí: wọn kì í rí DRL lára ìdérí, wọ́n á wá fa èyí tí wọ́n kọ HEAD, H-LP tàbí ECU-IG sí. Ti iná òru gan-an ni àwọn tó ní HEAD àti H-LP, èyí tó ní ECU sì ń bọ́ àwọn kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Bí kò bá sí fíúsì DRL, ẹ wo rílè tó ń jẹ́ DRL nínú àpótí kan náà. Bó bá wà, ẹ yọ òun, kí ẹ sì tún gbogbo àyẹ̀wò ti òkè yìí ṣe. Bí kò bá sí fíúsì, tí kò sí rílè, kọ̀ǹpútà ara ọkọ̀ ló ń darí iná náà, sìkánà (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀) ló sì máa pa á. Ti Toyota ni Techstream, èyí tó ní ibi tí wọ́n ti ń yí irú ètò bẹ́ẹ̀ padà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò wọn. FORScan ni ti Ford, VCDS sì ni ti Volkswagen àti Audi. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é kọ́kọ́ ya fọ́tò ohun tó bá lójú sìkánà kó tó yí nǹkan kan padà, kí bátìrì sì lágbára dáadáa, ó kéré tán fóòtì 12.5, pẹ̀lú ṣájà lórí rẹ̀. Bí iná bá lọ sílẹ̀ láàárín iṣẹ́, kọ̀ǹpútà yẹn lè má jí mọ́.

Ní ti àwọn ṣọ́jà, kó tó di pé ẹ yọ fíúsì: ẹ dín eré kù láti ọ̀nà jíjìn, ẹ tan iná inú, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín méjèèjì wà lórí ìdarí. Ẹ má ṣe pa ẹ́ńjìnnì níwájú wọn kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ fa háńbíréèkì. Ẹni tó wà níta kò mọ ohun tí ẹ ń fà.

Ìbéèrè: Ẹ bá mi bá àwọn awakọ̀ wí. Lálẹ́, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, mo bá ọkọ̀ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri, díẹ̀ ló kù kí n kọ lù ú. Nígbà tí mo yà á sílẹ̀ ni mo rí i pé iná iwájú rẹ̀ ń tàn. Kí ló fa irú ẹ̀? (Òǹkàwé kan, Ìbàfò)

Ìdáhùn: A dúpẹ́ pé ẹ yọ. Ohun tí ẹ rí yìí ni ewu tó tóbi jù lọ nínú ọ̀rọ̀ iná ọ̀sán, ó sì dùn wá pé àwọn tó ń ta ọkọ̀ kì í ṣàlàyé rẹ̀ fún oníbàárà.

Iná ọ̀sán kì í sábà tan ẹ̀yìn. Iwájú nìkan ló wà fún. Láyé ọjọ́un, bí ilẹ̀ bá ṣú tí ẹ ò tanná, dáṣíbọ́ọ̀dù á ṣókùnkùn, ẹ ò ní rí eré tí ẹ ń sá, ẹ ó sì rántí. Nísinsìnyí, dáṣíbọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ Lexus, Toyota àti Honda máa ń mọ́lẹ̀ rekete tọ̀sán-tòru bí ẹ bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́. Awakọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ níwájú, ó rí nọ́ńbà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, iná àwọn ọkọ̀ tó yí i ká tún ń ràn án lọ́wọ́, kò sì mọ̀ pé òun ò tíì tan iná. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú eré ni yóò fojú winá.

Canada tó fi òfin gbé iná yìí kalẹ̀ náà rí i pé ó ń ṣẹlẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá ṣe fún ibẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tan iná ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ iná ọ̀sán, tàbí kó tan iná òru fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú, tàbí kí ojú dáṣíbọ́ọ̀dù máa ṣókùnkùn kí awakọ̀ lè fura. Àwọn ọkọ̀ tó pọ̀ jù lójú ọ̀nà wa ti dàgbà ju òfin yẹn lọ.

Nítorí náà, àmì kékeré aláwọ̀ ewé kan wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń tàn nígbà tí iná páàkì tàbí iná òru bá tàn lóòótọ́, ó rí bí iná méjì tó kẹ̀yìn síra wọn. Bí àmì yẹn kò bá sí, ẹ̀yìn yín ṣókùnkùn. Bí ẹ bá dúró sínú súnkẹrẹ, ẹ wo bọ́ńpà ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn yín nínú díńgí: ó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ pupa díẹ̀ wà lára rẹ̀ kí ẹ tó tẹ bíréèkì. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ní AUTO tó ń ṣiṣẹ́, kó fi í síbẹ̀ títí lọ. Ẹni tí kò ní, kó yí súwíìsì sí dímù láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kó má dúró de òkùnkùn. Nínú òjò ńlá àti nínú ọyẹ́ Harmattan náà, dímù ni, iná ọ̀sán kò tó.

Ìbéèrè: Nissan Maxima tó wá láti Canada ni mo ní. Èmi ò fẹ́ pa iná ọ̀sán tèmi o, mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ọ̀tún àti òsì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Fíúsì dáa. Wọ́n ní kí n ra kọ̀ǹpútà DRL. (Òǹkàwé kan, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Kí ẹ tó ra kọ̀ǹpútà, ẹ tan fúùlù kí ẹ sì wo iwájú ọkọ̀. A lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ẹ̀gbẹ́ kan kò ní tàn.

Nínú ọ̀pọ̀ Nissan tí wọ́n ṣe fún Canada láyé ìgbà yẹn, gílóòbù fúùlù méjèèjì ni iná ọ̀sán máa ń lò. Ẹ̀rọ DRL á so wọ́n tẹ̀ léra lójú ọ̀nà kan ṣoṣo: iná á wọ gílóòbù kan, á jáde nínú rẹ̀, á wá wọ èkejì kó tó dé ẹ́ẹ̀tì (ara irin ọkọ̀). Ìdajì fóòtì ló máa ń kan ìkọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi 6 sí 7. Agbára tí wọ́n ń jẹ á wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá mẹ́ta, ìmọ́lẹ̀ wọn á sì wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá mẹ́wàá, ìdí nìyẹn tí wọn kì í ta sí ẹni lójú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá jó, ọ̀nà já nìyẹn, àwọn méjèèjì kú. Ní fúùlù, oníkálukú ní ọ̀nà tirẹ̀, ẹ ó wá rí èyí tó kú gan-an. Ẹ pààrọ̀ ẹyọ gílóòbù yẹn, iná ọ̀sán méjèèjì á padà.

Ẹ di ìdí gílóòbù tuntun mú, ẹ má fọwọ́ kan gíláàsì rẹ̀. Òróró ọwọ́ máa ń jẹ́ kí ojú ibì kan gbóná ju ibì kejì lọ, á sì jó láìtọ́jọ́. Bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án, ẹ fi sípírítì àti aṣọ mímọ́ nù ún kí ẹ tó tàn án.

Bí fúùlù méjèèjì bá dáa, ẹ tẹ̀ lé e báyìí. Ṣé iná pupa bíréèkì ń kú bí ẹ bá tú háńbíréèkì? Bí kò bá kú, súwíìsì kékeré tó wà nídìí háńbíréèkì ti há, tàbí ọ́ìlì bíréèkì ti lọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ DRL rò pé ẹ ṣì páàkì. Èkejì: ẹ̀rọ yìí ń dúró de àmì láti ọ̀dọ̀ ọ́tánétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń ṣájì bátìrì) kó tó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí iná bátìrì bá ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ tún ọ́tánétọ̀ ṣe kí ẹ tó dá ẹ̀rọ DRL lẹ́bi. Ìkẹta: ẹ́ẹ̀tì. Ẹ tan fúùlù, ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan kan wáyà ẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀yìn gílóòbù, kí èkejì kan orí nẹ́gétíìfù bátìrì. Bó bá ju fóòtì 0.2 lọ, ìpẹtà wà nídìí bóòtù ẹ́ẹ̀tì. Ẹ tú u, ẹ fi páńpẹ́pà ha á títí irin á fi dán, ẹ dè é padà. Nígbà tí gbogbo èyí bá dáa ni a tó máa sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ìbéèrè: Ríwáyà kan gé wáyà DRL Honda mi lójú ọ̀nà. Iná ọ̀sán kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n fúùlù apá òsì ò tàn mọ́. Ó ní kí n máa lo dímù. (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Wáyà tó gé kì í ṣe ti DRL nìkan. Nínú ọ̀pọ̀ Honda, gílóòbù fúùlù kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, wáyà kan náà ló sì ń bọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kó so ó padà, kó sì so ó dáadáa. Kó bó rọ́bà ẹnu méjèèjì tó sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀, kó kọ́kọ́ ki rọ́bà tó ń sún bó bá gbóná sí ara wáyà kan, kó lọ́ wọn pọ̀, kó jó o pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, kó wá fa rọ́bà náà bò ó, kó fi iná sún un. Bí wáyà bá ti kúrú jù, kó fi wáyà 1.5 tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ mú un gùn. Lílọ́ tí wọ́n kàn lọ́ ọ tí wọ́n fi téèpù wé e kì í tọ́jọ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: ooru á yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀, omi á wọlé, kọ́pà á di àwọ̀ ewé, fúùlù á sì máa ṣe ségesège.

Bí ẹ bá fẹ́ súwíìsì tí ẹ ó máa fi tàn án tí ẹ ó sì máa fi pa á, tí ọkọ̀ yín sì ní rílè DRL, ojú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jí rílè náà ni kó fi súwíìsì sí, ẹsẹ̀ 85 tàbí 86. Iná tó ń gba ibẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta áḿpù kan, súwíìsì kékeré gbà á. Kó má fi sí ojú wáyà gílóòbù, níbi tí áḿpù mẹ́rin sí márùn-ún ń gbà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Súwíìsì ọjà lásán á yọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ìbéèrè: Mo fi gílóòbù LED rọ́pò ti fúùlù. Lálẹ́ ó mọ́lẹ̀ gan-an, àmọ́ lọ́sàn-án ó ń ṣẹ́jú ṣáá. (Òǹkàwé kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Ọkọ̀ yín ń lo fúùlù fún iná ọ̀sán, ó sì ń dín agbára rẹ̀ kù nípa títan-án àti pípa á lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tàbí nípa fífún un ní fóòtì kékeré. Gílóòbù àtijọ́ gbóná, kò ráyè tutù láàárín ìgbà tí wọ́n pa á àti ìgbà tí wọ́n tàn án, ẹ ò sì ní rí i. LED ń kú lójú ẹsẹ̀, ó ń jí lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ni ṣíṣẹ́jú yẹn. Ẹ dá gílóòbù àtijọ́ padà sí fúùlù, tàbí kí ẹ yọ fíúsì DRL bí a ṣe wí lókè. Àwọn àpótí kékeré tí wọ́n ń tà pé ó ń wo ṣíṣẹ́jú sàn máa ń ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ kan, kó má ṣiṣẹ́ lára òmíràn. Ẹ má sanwó rẹ̀ kí ẹ tó dán an wò lára ọkọ̀ yín.

Ìbéèrè: Ti Mercedes àti Golf ńkọ́? Ẹ̀yin kàn ń sọ Toyota ṣáá. (Òǹkàwé kan, Ìkòròdú)

Ìdáhùn: Ẹ má bínú. Nínú ọ̀pọ̀ Mercedes, inú dáṣíbọ́ọ̀dù gan-an ni wọ́n fi í sí. Ẹ dúró sójú kan, ẹ fi bọ́tìnnì ara ìdarí lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Lighting, ẹ ó rí iná ọ̀sán níbẹ̀. Bó bá wà ní Constant, ẹ yí i sí Manual. Nínú àwọn tuntun, On àti Off ni. Àwọn tó wá láti Canada kì í gbà kí ẹ yí i.

Golf 4 tó wá láti Amẹ́ríkà tàbí Canada: ẹ yí súwíìsì iná sí òdo, ẹ tì í wọlé, ẹ yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún bó ṣe wà nínú, ẹ fà á jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ TFL sí. Ẹ fi téèpù wáyà bo ẹsẹ̀ yẹn nìkan, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà. Kò sí gígé rárá.

Ìbéèrè: Mo ń gbé ní Brampton, ní Canada. Gílóòbù iná ọ̀sán mi ń jó lemọ́lemọ́. Ṣé kí n yọ fíúsì rẹ̀ bí àwọn ará ilé ṣe ń ṣe? (Òǹkàwé kan, Brampton)

Ìdáhùn: Rárá o. Níbi tí ẹ wà, ara ohun tí òfin ní kí ọkọ̀ ní ni. Kódà ẹni tó bá kó ọkọ̀ wọ ibẹ̀ láti Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ fi iná ọ̀sán sí i kó tó gba ìwé. Ẹ wá ohun tó ń jó gílóòbù. Ẹ sítáàtì ọkọ̀, ẹ fi mítà wo orí bátìrì: 13.8 sí 14.5 ló dáa. Bó bá ń sún mọ́ 15, ọ́tánétọ̀ ló ń pa wọ́n. Bí ìyẹn bá dáa, ẹ wo ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì bóyá ó ti jó dúdú tàbí ó ti yọ́, torí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti rọ̀ máa ń gbọn gílóòbù pa. Kí ẹ sì ra irú tí wọ́n kọ “long life” sí, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ funfun polówó. Ìmọ́lẹ̀ àṣerégèé yẹn ló ń gé ẹ̀mí wọn kúrú.

Ìbéèrè: Ìlà LED ọ̀sán apá ọ̀tún ọkọ̀ mi kú. Wọ́n ní odindi iná iwájú ni kí n rà ní Ládípọ̀. Owó ńlá ni. (Òǹkàwé kan, Mushin)

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jàre, torí ilé iṣẹ́ kì í sábà ta ìlà yẹn lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yọ iná ọ̀tún àti ti òsì jáde, ẹ fi wáyà ti òsì sí ìdí ti ọ̀tún bó bá gùn tó. Bó bá tàn, wáyà tàbí fíúsì ọ̀tún ló bàjẹ́, iná yín wà láàyè. Bí kò bá tàn, ẹ wo inú gíláàsì. Bí ìrì bá wà níbẹ̀, omi ló pa bọ́ọ̀dù rẹ̀. Nínú irú kan, ẹ̀rọ kékeré tó ń fún LED níná wà lábẹ́ iná náà níta, wọ́n sì fi bóòtù mẹ́ta tàbí mẹ́rin dè é. Ìyẹn ṣeé pààrọ̀ lọ́tọ̀, nọ́ńbà ara rẹ̀ ni kí ẹ mú lọ sọ́jà.

Bó bá di dandan kí ẹ ra odindi bẹ́líjíọ̀mù, ẹ wa ọkọ̀ náà lọ, kí wọ́n so iná náà mọ́ ọn kí ẹ tó sanwó. Ẹ jẹ́ kó tàn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. LED tí ojú lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti là máa ń tàn dáadáa nígbà tó bá tutù, bó bá gbóná tán ni yóò kú. Ẹ fọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́ bó ṣe ń tàn, ẹ tan tiráfíkétọ̀ àti dímù pọ̀ mọ́ ọn, ẹ sì wo gbogbo igun tí wọ́n ti lẹ gíláàsì mọ́ ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí gọ́ọ̀mù tuntun níbẹ̀, wọ́n ti ṣí i rí, kò sì dájú pé omi ò ní tún wọ ọ́.